Ọdún tí mo fi wà lẹ́yìn díìṣì

Ọdún ti ń lọ o, ẹ jẹ́ n tètè ka ohun tí mo rí ṣe kí December tó parí. Ní January mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé code mi lórí kọ̀ǹpútà á ṣírò ìgbì rédíò tó ń jáde lára díìṣì sátẹ́láìtì, níwájú àti lẹ́yìn. Iwájú ò pẹ́ rárá. Díìṣì rìbìtì 90 cm tí feed ẹ̀ (ẹnu kékeré tó ń tan ìgbì sí díìṣì tàbí tó ń gbà á) wà láàárín, ní 12 GHz, gígùn ìgbì ibẹ̀ ò ju 2.5 cm lọ, tí efficiency (ìpín tí díìṣì ń lò dáadáa) bá jẹ́ 65%, gain (bó ṣe ń kó agbára ìgbì jọ sí ọ̀nà kan) á tó ìlọ́po 8,300, ìyẹn bíi 39 tí a bá fi òṣùwọ̀n dBi kà á. Physical Optics, ìṣirò tó ń lo iná mànàmáná tí ìgbì ń dá sílẹ̀ lójú díìṣì, ti bá mi parí ẹ̀ ní March.

Ẹ̀yìn ló gba ọdún lọ́wọ́ mi. Màámi bi mí pé, "Ṣèbí ọ̀run ló kọjú sí, kí lo wá ń wá lẹ́yìn ẹ̀?" Ìgbì tó bá kan etí díìṣì kì í dúró síbẹ̀, Màámi, ó máa ń tẹ̀ gba etí yẹn wọ inú òjìji tó wà lẹ́yìn, ọ̀nà yẹn kan náà ni ariwo ilẹ̀ tó gbóná tó 290 K (bíi 17°C) ń gbà wọlé wá bá signal tín-ín-rín tó rin bíi 36,000 km bọ̀ látọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì lókè. Keller, onímọ̀ ìṣirò, là á yé wa ní 1962 pé ìtànṣán kan ṣoṣo tó bá kan etí á ṣí jáde bí ẹnu àrọ. Àmọ́ ní ààlà ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, ìdáhùn ẹ̀ ń ga láìlópin, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì, Kouyoumjian àti Pathak, tún ibẹ̀ ṣe ní 1974 ní Yunifásítì Ohio State ní Amẹ́ríkà, tiwọn ni mo kọ sínú code.

August ló le jù. Gbogbo ibi ló dáa àfi ẹ̀yìn gan-an, 180 degree géérégé, nọ́ńbà ibẹ̀ ń lọ sókè kò dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń tú code wò láìnì láìnì, iná á lọ, màá tan jẹnẹrétọ̀, màá tún bẹ̀rẹ̀, mo rò pé mo ṣi minus kan kọ níbì kan. Alẹ́ Sunday kan ni mo yà á sórí ìwé tí mo wá rí i: etí yẹn rìbìtì, ibi yòówù kéèyàn mú lórí ẹ̀, bó ṣe jìn sí ìlà àárín ẹ̀yìn dọ́gba, torí náà gbogbo etí pátá ló ń sọ̀rọ̀ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èmi sì ń ka ìtànṣán méjì péré. Code ò ṣàṣìṣe o, irú ìṣirò yẹn ni kò lè débẹ̀. Mo bá fi current, ìyẹn iná mànàmáná, tó ń ṣàn lórí etí rọ́pò ẹ̀, mo kó o jọ yíká, nọ́ńbà sì balẹ̀ jẹ́ẹ́. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo pe ọ̀gá mi ní yunifásítì, wọn ò bínú, wọ́n ní kí n fi graph ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Mo tún rí i pé tí agbára ìgbì tí feed ń tàn sí etí díìṣì bá fi bíi 11 dB relẹ̀ ju ti àárín lọ (kó kù bíi ìdá kan nínú mẹ́tàlá), gain ò fi bẹ́ẹ̀ dínkù, ẹ̀yìn sì ń dákẹ́.

Ohun tí mi ò rí ṣe ni àwọn irin tó gbé feed dúró tó ń dí ìgbì lọ́nà. Ọdún tó ń bọ̀ díìṣì offset ló kàn, irú èyí tó pọ̀ lórí òrùlé yín, tí feed ẹ̀ ò sí láàárín, tó wà nísàlẹ̀, irú offset náà ni wọ́n fi ṣe Green Bank Telescope, díìṣì ńlá tí wọ́n fi ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run, tó fẹ̀ tó 100 m ní West Virginia ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ feed ò jìnnà dọ́gba sí gbogbo etí mọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà á.