Ajá tó ń jí sójà lójú àlá

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ àwọn sójà kan, àwọn tó ti ojú ogun dé tí ara wọn ti wà nílé àmọ́ tí ọkàn wọn ò tíì dé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Kí ìlẹ̀kùn ṣáà ti gbá gbàà báyìí, ó ti dọ̀bálẹ̀, oorun alẹ́ gan-an á wá di ogun míì.

Ajá tí wọ́n já jù sílẹ̀ wà lára ohun tó ń gba irú wọn là. Ní Amẹ́ríkà, ìyá kan tó ń jẹ́ Shari Duval ló dá K9s For Warriors, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ajá fún irú àwọn sójà bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ lọ́dún 2011, torí ọmọ ẹ̀ ti Ìráàkì dé, kò sì gbádùn, púpọ̀ nínú ajá wọn ló sì jẹ́ èyí tí wọ́n kó nílé àwọn ajá tí ò lẹ́ni. Kì í ṣe gbogbo ajá ló lè ṣe é o, èyí tí ariwo ń já láyà ò lè ṣe é, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n á sì kọ́ ọ fún oṣù bíi mélòó kan.

Ẹ wá wo iṣẹ́ òru. Sójà ti sùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, ó ń ju ọwọ́. Ajá á dìde, á fi imú tútù ti ọwọ́ ẹ̀, tí kò bá jí, á gun bẹ́ẹ̀dì, á máa lá a lójú títí táá fi lajú, á wá gbé ara lé e láyà, wúwo báyìí, títí èémí ẹ̀ á fi wálẹ̀. Kò ní bi í pé kí lo lá. Nígbà tílẹ̀ bá mọ́ ńkọ́? Ajá fẹ́ tọ̀, torí náà ẹni tó ti ti ara ẹ̀ mọ́lé látọjọ́ mẹ́ta gbọ́dọ̀ mú okùn kó jáde, ibi tó máa ń wú mi lórí jù nìyẹn!

Lóṣù August 2021 ni Biden, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n ń pè ní PAWS, wọ́n ní káwọn ọsibítù ìjọba 5 tó ń tọ́jú àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì dán an wò, kí sójà máa kọ́ ajá níṣẹ́, kí ìyẹn náà jẹ́ ìtọ́jú. Ó bọ́gbọ́n mu, ṣebí ohùn pẹ̀lẹ́ lèèyàn fi ń pe ajá kó tó wá, bí sójà ṣe ń kọ́ ajá ló ń kọ́ ohùn ara ẹ̀.

Àmọ́ inú ń bí mi sáwọn tó ń ra ẹ̀wù iṣẹ́ wọ̀ fún ajá tí ò kọ́ nǹkan kan, kí wọ́n lè mú un wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò ti ń gba ajá míì láyè. Tí ajá yẹn bá ti bu ẹnì kan jẹ, ajá sójà tó bá dé lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n máa fojú burúkú wò. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá rí i lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má súfèé sí i, ẹ má fọwọ́ pa á lórí. Ọ̀gá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kí.