Iléyá Tí Mo Tọrọ Àyè Fún

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ Jímọ̀, 6 Òkúdù, 2025.

Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti kọ̀wé síbi iṣẹ́ pé mi ò ní lè wá lónìí. Ọ̀gá mi bi mí pé ṣé ọjọ́ náà dá mi lójú. Mo ní ó dọwọ́ oṣù tó bá lé. Ó wò mí bí ẹni tí mo ń fi ṣeré.

Ní Nàìjíríà, ìjọba ti kéde òní àti Mọ́ńdè tó ń bọ̀ fún ìsinmi. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni gbogbo England fi ń sinmi lọ́dún, Iléyá ò sì sí nínú ẹ̀. Mọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù tó kọjá, gbogbo ìlú jókòó sílé. Mo bi èèyàn mẹ́ta pé kí la ń ṣọdún ẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i sọ.

Ti ọmọ wa ọkùnrin rọrùn. Iléèwé ẹ̀ ní àwọn á kọ R síwájú orúkọ ẹ̀ nínú rẹ́jísítà, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni kò jẹ́ kó wá. Àtàná ló ti ń ka iye àwọn tó máa gba R ní kíláàsì wọn.

A kírun Yídì láàárọ̀. Mo wọ léèsì, mo gbé jákẹ́ẹ̀tì lé e, atẹ́gùn sì ń bá gèlè mi jà níbi tá a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì 63. Bí bàbá àwọn ọmọ ṣe kírun tán báyìí, ó ká agbádá ẹ̀ sínú báàgì, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Wọn ò fún tiẹ̀ láyè.

Ẹran gan-an ló wà lọ́kàn mi. Nílé, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àgbò fi ń wà lórí ìso. Àwa ọmọdé la ń já ewé fún un, a ó sọ ọ́ lórúkọ, a ó sunkún ẹ̀, a ó sì jẹ ẹ́. Níbí, òfin ò gbà kéèyàn dúńbú àgbò lẹ́yìnkùlé, àfi nílé ìpẹran tó níwèé àṣẹ. Alápatà la san owó fún ní Rye Lane, ó kọ orúkọ wa sílẹ̀, ó ní ká wá gbà á lẹ́yìn aago mẹ́rin. Mo tò títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Páálí ló gbé fún mi: ẹran ti gé wẹ́wẹ́, ó mọ́ tónítóní, kò lórí, kò lẹ́sẹ̀, kò láwọ. Iná la fi ń wi tiwa nílé kí awọ lè wà lára ẹ̀, òfin ibí ò sì gbà kí wọ́n ta irú ẹ̀. Ọmọ mi yọjú wo inú páálí.

“Mọ́mì, àgbò náà dà?”

Lọ́dún àkọ́kọ́ tá a débí, mo bu ẹran tútù sínú abọ́, mo gbé e lọ fún ìyá àgbà òyìnbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, bí màmá mi ṣe máa ń rán wa sáwọn onígbàgbọ́ àdúgbò wa n'Ibadan. Ìyá wo abọ́, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wá rọra béèrè pé ṣé ó ti fẹ́ bàjẹ́ ni. Látìgbà náà, díndín ni mo ń gbé lọ, n kì í sì í jẹ́ kó ta. Lónìí, àwọn ló kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn wa. Wọ́n ní àwọn ti ń gbóòórùn ẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni màmá mi pè wá lórí fídíò. Aago wa àti tiwọn dọ́gba nígbà ooru báyìí, ṣùgbọ́n òkùnkùn ti bo ọ̀dọ̀ wọn, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé wa.

“Ẹ ò tíì kí Mọ̀gàríbì?”

“Oòrùn ò tíì wọ̀, mà.”

“Ẹ kú ìfaradà.”

Wọ́n ní itan kan ti wà nílẹ̀ tó jẹ́ tiwa, àwọn ti dín in torí iná tí kò dúró, ṣé kí àwọn fi rán ẹni tó ń bọ̀. Mo ní wọn ò ní jẹ́ kí ẹran wọlé láti Nàìjíríà, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá mú ègé kan nínú àwo, wọ́n nà án sójú fóònù.

“Ọkọ mi, ó yá, yanu.”

Ọmọ náà yanu.