Ẹ Má Pè Mí Síbi Ọ̀fọ̀ Sinimá

Ọjọ́rú, alẹ́.

Láti àárọ̀ ni àwọn ọkùnrin ilé wa ti ń ṣọ̀fọ̀ lórí WhatsApp. Ẹnì kan ló fi àwòrán ilé sinimá àtijọ́ kan ránṣẹ́ sórí gúrúùpù ẹbí, èyí tí wọ́n ti sọ di ṣọ́ọ̀ṣì, ni ẹnu bá yà. Èyí ní ayé ti bàjẹ́, tọ̀hún ní ìgbà tiwa ló dára jù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ pé "ẹ káàárọ̀" lásán máa ń ni ín lára láti tẹ̀, jókòó kọ ọ̀rọ̀ jàǹràn-jàǹràn nípa sinimá Agége. Mo fẹ́ fèsì, mo wá rí i pé tèmi á gùn ju tiẹ̀ lọ, ni mo bá gbé e wá síbí.

Agége ni mo dàgbà sí. Ilé wa kò jìnnà sí oríta tí gbogbo ayé ṣì ń pè ní Pen Cinema, tí afárá tí ìjọba ṣí ní 2021 gba orí rẹ̀ kọjá báyìí. Àmọ́ ọmọbìnrin ni mí. Ní nǹkan bí 1978 sí 1980 tí mo wà ní kékeré, ọmọbìnrin tí wọ́n bá rí tó ń ti ilé sinimá jáde lálẹ́, orúkọ bàbá rẹ̀ ló bàjẹ́ yẹn. Ìyá wa kì í pè é ní sinimá rárá, "ilé àwọn ìpáǹle" ló ń pè é. Kò sì parọ́ púpọ̀, torí òórùn igbó máa ń fo ògiri wá bá wa lójú títì.

Iwájú ilé àwọn ìpáǹle yẹn kan náà ló ti ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà. Owó wọn dára, ìwà wọn ni kò dára, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Èmi ni mo máa ń bá a jókòó ti àtẹ. Iṣẹ́ mi ni kí n ká ìwé ìròyìn ṣóńṣó, kí n fi agolo mílíìkì wọn gúgúrú sínú rẹ̀, kí n wá bu ẹ̀pà lé e lórí. Ọwọ́ ló ń ṣe ìyẹn. Etí mi wà lára ògiri.

Etí náà ni mo fi mọ sinimá. Bí ó bá jẹ́ fíìmù Íńdíà, orin á kọ́kọ́ dún, obìnrin kan á máa fi ohùn tíńrín kọrin ìfẹ́, àwọn ọkùnrin Agége tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè náà á sì máa gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti Ṣáínà, ẹ̀ṣẹ́ lẹ máa gbọ́. Bí Akítọ̀ bá yọ, ilé á mì tìtì. Akítọ̀ ni ẹni tó ni eré, Bọ́ọ̀sì ni ọ̀gá àwọn ọ̀tá, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé Akítọ̀ kì í kú. Ohun tí èmi àti ìyá mi ń gbàdúrà fún ni kí fíìmù já. Àwọn róòlù fíìmù yẹn ti yí ìlú ká kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti gbó, àárín ìjà gan-an ni wọ́n sì máa ń já. Kíá ni "Olè! Olè!" á sọ, wọ́n á máa bú ọpirétọ̀ tó wà lókè bí ẹni pé òun ló fi eyín gé e. Àwọn tí ebi ń pa láàárín wọn á jáde wá ra gúgúrú. Ọjọ́ tí fíìmù bá já lẹ́ẹ̀mejì, a máa ń tètè palẹ̀ àtẹ mọ́.

Ìtàn inú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ ọ́ fún wa lórí ẹní lálẹ́. Á fò sókè, á ṣubú, á ṣe Akítọ̀, á ṣe Bọ́ọ̀sì, á ṣe ẹṣin. Lónìí ló wá jẹ́wọ́ lórí gúrúùpù pé owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í sábà sí lọ́wọ́ òun, pé ẹnu àwọn tó ń jáde bọ̀ lòun ti ń gbọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, tòun sì pọ̀ níbẹ̀. Èyí tí ejò ti di ìyàwó, tó lé oorun lójú mi tipẹ́tipẹ́, ó ní orí òun ló ti wá. Inú ṣì ń bí mi.

Ibi tí mo ti wọlé, tí mo jókòó wo fíìmù bí ọmọ ènìyàn, ni National Theatre ní Igànmú. Ọdún Iléyá ni, fíìmù Ògúǹdé ti 1979 ni, Aiyé, tí àjẹ́ kún inú rẹ̀. Ìyá wa tó ń bú sinimá ló kọ́kọ́ wé gèlè tán. Nígbà tí àwọn àjẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé wọn, ó fi ìborùn bò mí lójú, èmi náà ń gba ojú ihò léèsì rẹ̀ wò ó. Ìyá kan lẹ́yìn wa ń pe "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" láìsinmi. Nígbà tí Ògúǹdé fúnra rẹ̀ yọ, tẹrú-tọmọ ló pàtẹ́wọ́.

Ìdí nìyí tí ọ̀fọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n mi kò fi ràn mí. Fíìmù tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ilé sinimá àdúgbò. Àwọn tó ni í ló ń gbé e kiri fúnra wọn, láti Igànmú dé gbọ̀ngàn ìlú dé hòtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń ṣọ́ ọ kí olè má baà rí i dà kọ. Olè ṣáà rí ti Bàbá Sàlá dà kọ. Ó yáwó ní báǹkì ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú gba ìgboro, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìyẹn ń dùn mí títí dòní.

Síbẹ̀, fídíò tó ṣe é níkà ló ṣe àwa obìnrin lóore. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, ẹ̀rọ àti fíìmù tí wọ́n ń fi dọ́là rà kò ṣeé rà mọ́. Olè alágbàra ń dọdẹ òru, ta ló fẹ́ ti sinimá bọ̀ ní aago mọ́kànlá? Gbọ̀ngàn di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn di ilé ìkẹ́rùsí. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990, ìyá wa ti ń yá kásẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé, àwọn obìnrin agboolé á pé sí pálọ̀ wa, wọ́n á máa bá òṣèré jà. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ.

Sinimá ti padà dé o, láti 2004 tí ilé sinimá Silverbird ti ṣí sí Victoria Island. Ìkẹjà ni àwọn ọmọ mi máa ń mú mi lọ. A wo A Tribe Called Judah níbẹ̀, fíìmù Fúnkẹ́ Akíndélé ti 2023, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá ilẹ̀ wa. Obìnrin ló pọ̀ jù lórí ìlà tíkẹ́ẹ̀tì. Iná kò ku, róòlù kò já, ẹnikẹ́ni kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ohun tó bí mi nínú ni pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé oúnjẹ wọlé, àfi kó rà á lọ́wọ́ wọn. Iye tí wọ́n ń ta gúgúrú yẹn, ká ní ìyá mi rí i tà bẹ́ẹ̀ ní Agége, ilé la ì bá fi kọ́.

A tún ń lọ ní Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́, ó ní òun ń bọ̀, kí n bá òun ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó kọ́kọ́ sanwó ejò.