Ìgbà tí ọwọ́ ọmọ bá tutù

Ìyá àgbà kan gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wọ yàrá pàjáwìrì wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rín músẹ́ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ oṣù 14 ni ọmọ náà. Ó ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ó sì ti ń bì láti ọjọ́ méjì. Màmá ní, “Nọ́ọ̀sì mi, ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn o. Ara rẹ̀ ti tutù, kò sì sunkún mọ́.” Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú: ó tutù bíi píọ́wọ́tà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì, bẹ́ẹ̀ ikùn rẹ̀ ń gbóná.

Láti ọjọ́ yẹn ni gbólóhùn náà, “ara rẹ̀ ti tutù”, ti ń bà mí lẹ́rù. Ìròyìn ayọ̀ ni lédè wa, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ bá tutù nígbà tí ikùn rẹ̀ ṣì ń gbóná, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni ara ń fà kúrò níbẹ̀ kí ọkàn àti ọpọlọ lè rí tiwọn lò. Èyí ni àwa òṣìṣẹ́ ìlera ń pè ní ṣọ́ọ̀kì. Kì í ṣe ìpayà, kì í sì í ṣe ti iná mọ̀nàmọ́ná (òbí kan ti bi mí rí bóyá wáyà ni ọmọ òun fọwọ́ kàn). Omi ara tó gbẹ lè fà á, ẹ̀jẹ̀ tó dà nù, iná tó jó ọmọ, tàbí kòkòrò àrùn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọdé kò pọ̀. Nǹkan bíi mílílítà 80 ló wà fún kílò kan, tó fi jẹ́ pé gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìkókó tó wọn kílò márùn-ún kò lè kún ọ̀rá píọ́wọ́tà kan. Ara ọmọ sì máa ń fara dà á títí, débi pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í já wálẹ̀ bọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fi máa fi hàn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ jìnnà. Nítorí náà, ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ ń gbẹ́kẹ̀ lé. Mo tẹ èékánná àtàǹpàkò ọmọ náà títí ó fi funfun, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, mo sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Kò yẹ kí ó kọjá ẹẹ́ta kí àwọ̀ rẹ̀ tó padà. Mo ka márùn-ún. Ohun tó ń lù ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń sáré, kò sì lágbára rárá.

A wá iṣan títí, a kò rí i, la bá gún abẹ́rẹ́ sínú egungun ojúgun rẹ̀, nísàlẹ̀ orúnkún. Kílò mẹ́jọ ló wọ̀n, a sì gba ibẹ̀ fún un ní omi dírípù mílílítà 240 láàárín ìṣẹ́jú 30.

Irú omi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ọmọ o. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2011, wo àwọn ọmọ tó lé ní 3,000 tí ibà líle ń ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì ṣàn dáadáa. Wọn kò mú onígbẹ́ gbuuru mọ́ wọn. Nínú àwọn tí wọ́n sáré fa omi sí lára, nǹkan bíi 10.5 nínú 100 kú láàárín wákàtí 48; nínú àwọn tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún, 7.3 ni. Ọmọ tí ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, ẹ̀jẹ̀ ló nílò. Ìdí nìyí tí ara mi fi ń bù máṣọ tí mo bá gbọ́ pé wọ́n pe oníkẹ́míìsì wá so dírípù fún ọmọ nínú pálọ̀.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí ọwọ́ ọmọ bá ti tutù báyìí, ẹ má fi omi nù ún mọ́. Ẹ fi ìró bò ó, kí ẹ sì máa gbé e bọ̀ ní ìdùbúlẹ̀. Ẹ má pọ̀n ọ́n, nítorí ẹ kò ní rí bó ṣe ń mí. Bí ojú rẹ̀ bá dá, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un lọ́mú, kí ẹ sì máa fi ṣíbí fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà lójú ọ̀nà. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, pàápàá jù lọ àgbo.

Nígbà tí omi àkọ́kọ́ tán, mo tún tẹ èékánná náà, mo sì ka méjì péré. Kó tó di ọ̀sán, ọmọ náà ké, ó sì tọ̀ sí mi láṣọ. Màmá ń bẹ̀ mí, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, ìtọ̀ yẹn gan-an ni mo ti ń retí láti àárọ̀.