Ìdajì Ta La Máa Gé?

Bàbá Ayọ̀ ló ní kí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá wa jẹ́ ìdajì-ìdajì. Mo ní ìdajì kò lè gba aṣọ mi, ó ní kí n lọ fi àwọn tí n kò wọ̀ mọ́ tọrẹ. Ọkùnrin tí gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín nídìí!

Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ o. Aṣọ ẹbí ló kó bá mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí kò bá ra aṣọ ẹbí, ẹ̀yìn kánópì ni yóò jókòó, ìrẹsì rẹ̀ kò sì ní lẹ́ran. Mo ní léèsì ìgbéyàwó kan nílé báyìí, tọkọtaya náà ti kọ ara wọn sílẹ̀, léèsì ọ̀hún ṣì ń dán yinrin.

A ya kọ́bọ́ọ̀dù náà sẹ́yìn ìwé ìṣirò Ayọ̀. Káfíńtà ní inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìn tó ínṣì 24, torí háńgà nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínṣì 18, èjìká aṣọ á sì tún yọ síta; bí kò bá jìn tó, ilẹ̀kùn á máa há apá búbà mọ́ ẹnu. Ọ̀pá kan fún aṣọ gígùn, ọ̀pá méjì fún búbà àti ṣẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Aṣọ òkè àti agbádá kò ní ọ̀pá ní tiwọn, kíká là ń ká wọn, káńfọ̀ á sì wà láàárín. Èmi wá ní kí wọ́n ṣe dúróà sí apá tèmi fún gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fi dúróà yẹn sọ́kàn.

Pákó ìrókò ni Bàbá Ayọ̀ ń pariwo. Nígbà tí a dé ọjà pákó Bódìjà tó gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, ó ní pílááwùdù náà kúkú dáa, kò wúwo.

Àlàfo kan wà láàárín òpó àti ògiri yàrá wa, ibẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù máa wọ̀. Káfíńtà fa téèpù rẹ̀ yọ, ó ní ínṣì 90, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, wọ́n tì í, kò wọlé. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò, kò wọlé. Wọ́n fi èjìká tì í, sìmẹ́ǹtì ara òpó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Káfíńtà nu òógùn, ó wo ògiri tìkà-tẹ̀gbin.

"Mọ́mì, ògiri yín ti wú. Òjò máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ayọ̀ ti mú téèpù nílẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń fi wọn ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, 1, 2, 3, 4 dà?"

Gbogbo wa sún mọ́ ọn. Orí téèpù ti gé kúrò! Nọ́ńbà 5 ló ṣáájú.

"Ó ti pẹ́ tó ti gé," ni káfíńtà wí. "Mo máa ń yọ 4 kúrò lórí iye tí mo bá rí ni."

"Ṣé ẹ yọ ọ́ ní tiwa?"

Ó họ orí. "Ebi ń pa mí lọ́jọ́ yẹn, Mọ́mì."

Ní ṣọ́ọ̀bù, téèpù tuntun ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi gé pákó, ìyẹn ló fi di ínṣì 90 gidi. Ínṣì 4 gbọ́dọ̀ kúrò. Nínú ìdajì ta?

Bàbá Ayọ̀ ní ká yọ ọ́ ní méjì-méjì. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n káfíńtà yẹ inú rẹ̀ wò, ó mi orí: bí a bá fọwọ́ kan apá tèmi, gbogbo dúróà la máa tú palẹ̀. Apá Dádì kò ní ju ọ̀pá àti pèpéle lọ, ayùn á kọjá níbẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Ìyá Ayọ̀, ìwọ lo ní kí wọ́n ṣe dúróà."

"Olówó orí mi, gèlè ni mo rò."

Ó ní èmi àti káfíńtà ti mulẹ̀ ni. Ẹ̀bá tí mo gbé fún káfíńtà kó tó dájọ́ náà kò jẹ́ kí ẹnu mi gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí gbọ́, àlejò ni ọkùnrin náà, ebi sì ti ṣe wá léṣe lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n gé apá Bàbá Ayọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù wọlé ṣinṣin. Kí inú rẹ̀ lè rọ̀, mo ní kí wọ́n fi pákó tó ṣẹ́ kù kan àtẹ bàtà kékeré fún òun nìkan. Ó dúpẹ́, ó to bàtà rẹ̀ méjèèjì síbẹ̀, ó tún fi rágì nù ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá: "Ìyá Ayọ̀! Ta ló ni bàtà gogoro tó kún ibí yìí?"

Mo ti wà nínú mọ́tò.