"Ó tó 50" ni, àbí "kò ju 50 lọ"?

Ní oríta Itamaga, níbí ní Ikorodu, lábẹ́ agboòrùn ńlá kan, ni mo ti ra íntánẹ́ẹ̀tì tí mò ń lò nílé. Ọmọkùnrin tó ń tà á kò lè ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ, ó sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó fi ìka lé ìwé ìpolówó ọwọ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ 50 Mbps gàdàgbà, ó ní, "Àǹtí, ẹ wo ibí yìí, ó ń sáré tó 50. Ẹ ò tún ní rí i kó máa yí pòòyì mọ́." Mo wo ìwé náà dáadáa. Lókè 50 yẹn, ní lẹ́tà wínníwínní, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì wà níbẹ̀: up to. Mo rí i, mo kà á, mo sì sanwó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú lórí "tó" tí ọmọ náà sọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, up to jẹ́ òrùlé: ohun tí wọ́n ń tà kò ní kọjá 50, ó lè jẹ́ 40, ó lè jẹ́ 6, ìwé ìpolówó náà kò sì ní tìtorí ìyẹn parọ́. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá sọ pé nǹkan tó 50, ó ti pé nìyẹn. Bí aláṣọ kan ní ọjà Sabo bá sọ fún mi pé aṣọ yìí tó ọ̀pá márùn-ún, tí mo gbé e délé, tí mo wọ̀n ọ́n, tí mo bá ọ̀pá mẹ́ta, n óò gbé e padà fún un, kò sì sí ará ọjà tí yóò gbè é lẹ́yìn. "Ó tó" ni a ń wí fún iyọ̀ tó ṣe déédéé nínú ọbẹ̀ àti fún owó tí kò dín. Ìtumọ̀ tó bá ohun tó wà nínú ìwé náà mu ni "kò ju 50 lọ", ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró sínú oòrùn Itamaga tí yóò máa kiri ọjà rẹ̀ pé kò ju báyìí lọ?

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe. Mo máa ń ya ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú àgbà, n óò tò ó pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, n óò sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ olóde tí wọn kò ráyè wálé. Fídíò àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tuntun yìí jẹ́ 1.8 GB, ìyẹn 1,800 MB. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: bí 50 bá ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 36 ni gbogbo rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì, mo sì lọ po ẹ̀kọ. Mo mu ẹ̀kọ tán, mo fọ abọ́, mo padà dé, ìlà tó ń sún lójú kọ̀ǹpútà kò tí ì ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Wákàtí kan gbáko ni ó gbà.

Àṣìṣe méjì ló wà nínú ìṣirò mi. Èkíní wà nínú lẹ́tà kan ṣoṣo. Lẹ́tà b kékeré tó wà nínú Mbps dúró fún bíìtì, B ńlá tó wà nínú MB sì dúró fún báìtì, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì kan. Bíìtì ni wọ́n fi ń ka eré íntánẹ́ẹ̀tì, báìtì ni a sì fi ń ka bí fídíò àti fọ́tò ṣe tóbi tó, nítorí náà 50 Mbps kò ju 6.25 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fídíò mi ìbá sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún bí 50 náà bá pé. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń ka nǹkan báyìí, kì í ṣe àwọn oníṣòwò ló dá a sílẹ̀. Àmọ́ n kò tíì rí oníṣòwò kankan tó ń kánjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà, bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ńbà tiwọn ló ń fi ìlọ́po mẹ́jọ dára lójú.

Èkejì ló dá wákàtí náà sílẹ̀. 50 tó wà lójú ìwé, ti ohun tí à ń fà wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ti wíwo fíìmù àti kíka ìròyìn. Ohun tí à ń gbé sókè ní ìwọ̀n tirẹ̀, tó sábà máa ń kéré gan-an, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fà ju bí wọ́n ṣe ń gbé lọ, ibi tí èrò pọ̀ sí ni wọ́n sì ya àyè púpọ̀ fún. Nígbà tí mo wọn tèmi, 4 Mbps ni mo bá. Iṣẹ́ ẹni tó ń fi fídíò ránṣẹ́ àti ti ẹni tó ń wo fídíò kò jọ ara wọn, síbẹ̀ ìwé kan náà ni wọ́n nà sí àwa méjèèjì.

Mo tún wá ń wọn eré ìfàwálẹ̀ náà láàárọ̀ lálẹ́. Ní aago márùn-ún ìdájí, mo máa ń rí 38 Mbps. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó máa ń já sí 7. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí ayálégbé mẹ́wàá ti ń lo bọ́hòòlù kan mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn ilé wa ni gbogbo àdúgbò ń pín, alẹ́ ni gbogbo wa sì máa ń ṣí ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá bí iná ọba bá dé. Mo fi èyí han ìyá onílé wa. Wọ́n wo fóònù mi títí, wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé owó ìdájí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ, alẹ́ ni ò ń lò ó." N kò rí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀ ṣá. Ẹ̀yìn fíríìjì ni mo gbé ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, sí, nítorí pé ibẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Wi-Fi kì í fẹ́ràn irin àti ògiri búlọ́ọ̀kù, èyí tó yára nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní 5 GHz, ni ògiri sì tètè ń pa. Nígbà tí mo gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí òpó náà, 7 tí mò ń rí lálẹ́ di 12.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ lè fi up to polówó nọ́ńbà kan bí ìdá 10 nínú 100 àwọn oníbàárà rẹ̀ bá ti lè rí i. Láti ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún náà, nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó kéré tán ìdajì àwọn oníbàárà lè rí láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́. Àwọn tó ń pariwo 17 Mbps tẹ́lẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 10 tàbí 11, wáyà tó wà nínú ilẹ̀ kò sì yí padà. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2024, àwọn ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi àkọlé bíi ti ẹ̀yìn agolo oúnjẹ hàn kí ènìyàn tó sanwó, eré ìfàwálẹ̀ àti ti ìgbésókè sì wà nínú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ètò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún 2020 sí 2025 fi 25 Mbps ṣe èyí tó kéré jù fún ìlú, ó sì fi 10 ṣe ti ìgbèríko. Èyí tó kéré jù ni ìjọba sọ. Òun gan-an ni "tó" tí Yorùbá mọ̀. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò bá dá lóhùn lè pe 622, nọ́ńbà NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo padà lọ bá ọmọ náà lábẹ́ agboòrùn rẹ̀. Mo ní, "Àbúrò, èló ni èyí ń gbé sókè ní aago mẹ́sàn-án alẹ́?" Ó wo iwájú ìwé náà, ó yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. "Àǹtí, kò sí ẹni tó bi mí rí o." Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé ìgbésókè èyí tí mo rà àti ti 20 Mbps, tí owó rẹ̀ kéré sí i, ọ̀kan náà ni wọ́n. Èyí tó kéré yẹn ni mò ń san báyìí. Mo máa ń tẹ bọ́tìnì bí wọ́n bá ti ń pe ìrun àsùbáà, fídíò ìgbéyàwó sì ṣì ń gba wákàtí kan.