Ọjọ́ Jímọ̀ tí Mágàjí tẹ Ààfáà ní òǹtẹ̀

Ní Ìlọrin, ológbò níyì. Ajá lè máa gbó níta títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sẹ́ni tó máa pè é wọlé, ṣùgbọ́n ológbò lè sùn sórí ẹní ìkírun kí wọ́n sì rọra yà fún un. Tiwa tiẹ̀ wá kọjá bẹ́ẹ̀. Mágàjí là ń pè é, torí bó ṣe máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn èèyàn máa wá kí i. Bàbá mi kì í dá àwa ọmọ lóhùn tí iná bá lọ, àmọ́ ẹ ó bá a nínú òkùnkùn tó ń ṣàlàyé owó epo bẹntiróòlù fún Mágàjí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Àlájà ìyá mi ní kí àbúrò mi nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí àlejò ń bọ̀ láti Ọ̀fà lọ́jọ́ kejì. Àbúrò mi kì í wọn nǹkan. Ísáàlì tí wọ́n ní kéèyàn fi omi là, odindi ló dà á sílẹ̀, ó fi máàpù tàn án kiri, ó bá tirẹ̀ lọ sí balùwẹ̀. Mágàjí gba orí ilẹ̀ tútù náà kọjá, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ó ń lá a. Ó lá ọ̀tún, ó lá òsì, ó ya ìka ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lá àárín wọn.

Kò pẹ́ tí itọ́ fi ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Itọ́ di ìfófòó. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ iwájú ń lọ sí yàrá, ti ẹ̀yìn ń lọ sí kíṣìnnì.

"Wọ́n ti pa á!" Àlájà figbe ta.

"Wọ́n" tó ń wí yìí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ń yan ẹja tà ní ojúlé kejì ni. Mágàjí ti gbé odidi ẹja kíká lórí àtẹ rẹ̀ rí, ìyá náà sì fi ìka kan ilẹ̀ pé ológbò yẹn á rí nǹkan. Kí wọ́n tó ronú pe olùjẹ́jọ́, ẹjọ́ ti parí: ọ̀tápíápíá ni ó fi sínú ẹja fún un.

Ìyá onírẹsì òdìkejì títì ti gbé ìgò epo pupa dé. Ní àdúgbò wa, kò sí májèlé tí epo pupa kì í bá jà. Wọ́n fi tówẹ̀lì wé Mágàjí, wọ́n fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀, wọ́n da epo sí i.

Àsìkò yẹn gan-an ni Ààfáà ń kọjá lọ sí Jímọ̀. Jàlàbíà rẹ̀ funfun gbòò, sítáàṣì inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń dún bó ṣe ń rìn. Ó gbọ́ ariwo, ó yà láti bá wa ṣe àdúà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Mágàjí, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ní "Bísímílláì..."

Mágàjí kò jẹ́ kó dé àmín. Epo ẹnu rẹ̀ tú jáde, òun náà sì tẹ̀ lé epo. Ó gun àyà Ààfáà, ó gba èjìká, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lu òǹtẹ̀ pupa sára jàlàbíà, ó bẹ́ sílẹ̀, ó wọ abẹ́ àga.

Kẹ́kẹ́ pa. Ààfáà wo àyà ara rẹ̀, ó wo aago. Àlájà ní, "Ẹ má bínú, Ààfáà, ara rẹ̀ ni kò yá." Ààfáà ní kò sí nǹkan kan, Ọlọ́hun á fún un ní àlàáfíà. Lójú tèmi, àdúà yẹn kò jinlẹ̀ tó ti àkọ́kọ́.

A gbé Mágàjí sínú apẹ̀rẹ̀ tòmátì, a fi àpò bò ó, ó di inú kẹ̀kẹ́ Màrúwà, ọ̀nà Tankẹ́. Bàbá, Àlájà, àbúrò mi, èmi. Dókítà ẹran náà, ọmọdébìnrin onígíláàsì kan, gbóòórùn ẹnu Mágàjí.

"Ta ló fún un ní epo?"

A wo ara wa. Ìyá onírẹsì kò kúkú bá wa wá.

Ó ní epo kì í lé májèlé. Tó bá ṣì ọ̀nà wọ ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà ló máa dá sílẹ̀, ẹ ti ra àìsàn kejì kún àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó tan iná sí ojú rẹ̀: kì í ṣe ọ̀tápíápíá, torí ìyẹn ì bá ti jẹ́ kí dúdú ojú rẹ̀ sún kì. Lẹ́yìn náà ló wá gbóòórùn àtẹ́lẹsẹ̀.

"Kí lẹ fi nu ilẹ̀ láàárọ̀?"

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Dókítà ní fínọ̀ọ̀lù tó wà nínú irú oògùn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára láti bá a jà, ohunkóhun tí ológbò bá sì tẹ̀ mọ́lẹ̀, á jẹ ẹ́ dandan, torí ahọ́n ló fi ń wẹ̀. Wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fa omi sí i lára. A rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, àfi ìgbà tó bèèrè pé kí ni Mágàjí máa ń jẹ.

Ìbéèrè yìí ló tú àṣírí ilé wa. Àlájà ní ọbẹ̀ ata àṣẹ́kù ni.

"Ṣé àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀?"

Ó bí Àlájà nínú. "Dókítà, irú ọbẹ̀ wo ni kò ní àlùbọ́sà?"

Dókítà ní àlùbọ́sà, bó jinná, bó jẹ́ tútù, bí wọ́n lọ̀ ọ́, ńṣe ló ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ológbò àti ajá jẹ́, aáyù sì burú jù ú lọ. Bàbá mi wú ikọ́. Ó ní òun máa ń fún un ní wàrà, díẹ̀ báyìí, ní alaalẹ́. Dókítà ní ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà ni ṣúgà inú wàrà kì í dà nínú wọn, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣu ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀. Àlájà kò gbọ́ ìyẹn rárá.

"Wàrà tí ẹ máa ń sọ fún mi pé ó ti tán?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bá Mágàjí sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi rò pé ó ti kan òun. Ó ní nígbà ọyẹ́, tí Mágàjí ń sín, òun fún un ní ààbọ̀ parasitamọ́ọ̀lù. Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ẹyọ kan péré lè pa ológbò: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, èrìgì rẹ̀ á yí dà.

"Ó tu ú dànù o," àbúrò mi sáré sọ.

"Ó gbọ́n jù ẹ́ lọ."

Bàbá bèèrè bóyá kó kúkú máa jẹ àmàlà lásán. Dókítà ní ológbò kì í ṣe ewúrẹ́. Èròjà kan wà tó ń jẹ́ taurine, inú ẹran àti ẹja ló wà, ara ológbò kò lè ṣe é tó. Ní 1987 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àìtó rẹ̀ ń sọ ọkàn ológbò di ọ̀lẹ. Ó ń fọ́ ọ lójú pẹ̀lú. Ẹja bíbọ̀ ni kí a máa fún un, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà, láìsí mágì.

"Láìsí ata?" Bàbá ní. "Kí ló ṣe tí a ó fi máa fìyà jẹ ẹ́?"

Mágàjí ń mí dáadáa nígbà tí a gbé e délé lálẹ́. Kò pẹ́ tí ìyá ẹlẹ́ja fi kanlẹ̀kùn. Kò mọ̀ pé wọ́n ti dá òun lẹ́jọ́ láàárọ̀. Ó gbọ́ pé ara Mágàjí kò yá, ó sì gbé abọ́ tí a fi ọmọrí bò wá fún un: ẹja kíká nínú ọbẹ̀ ata, àlùbọ́sà rógódó rógódó léfòó lójú epo. Àlájà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ṣe àdúà gígùn fún un, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó ṣe ti ilẹ̀kùn ni Bàbá ní ìnákúnàá ò dára nínú ẹ̀sìn, kí wọ́n gbé àmàlà wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ẹlẹ́ja bèèrè láti orí ògiri bóyá Mágàjí fẹnu kàn án.

"Ó lá abọ́ mọ́," Àlájà ní. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àbúrò mi dúró sí, ó ń tayín.